Kí A Dán An Wò Kí A Tó Náwó Lé E Lórí

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú wa, bá àwọn ará sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdún yìí

Akọ̀wé ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà wádìí òtítọ́. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ oògùn àgbàdo ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí, nítorí àwọn tí wọn kò sí nílé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, aṣojú ilé-iṣẹ́ kan gbé ike omi aláwọ̀ ewé wá sí ìpàdé wa. Ó ní bí a bá po omi náà mọ́ omi odò, tí a sì fi wọ́n àgbàdo ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó yọ ọmọ, ìkórè yóò di ìlọ́po méjì. Kò tí ì jókòó tán tí bàbá kan nínú wa, ẹni iyì, àgbẹ̀ tòótọ́, dìde pé òun ti lò ó lọ́dún tí ó kọjá, àti pé àká òun kò gba àgbàdo mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan dábàá pé kí a mú owó nínú àpò ẹgbẹ́ kí a fi ra oògùn náà fún gbogbo àgbẹ̀ ìlú. Èmi ni mo dìde tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a dúró ná. Inú bí àwọn kan sí mi. Wọ́n ní kí ni olùkọ́ mọ̀ nínú oko? Mo gbà fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ni bàbá mi fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni.

Bàbá yẹn kò parọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ó parọ́. Àgbàdo rẹ̀ dára lọ́dún náà, gbogbo wa ni a rí i. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí ó mú un dára. Òjò ọdún náà kò dá rárá láti ìgbà tí a ti gbìn títí dé ìgbà tí àgbàdo gbó. Oko rẹ̀ wà létí ààtàn àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú kìjikìji. Irúgbìn tuntun ni ó gbìn. Nígbà tí ó sì ti náwó gọbọi lórí oògùn, ó ro oko náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ènìyàn márùn-ún ni ó bá a ṣe iṣẹ́ oko náà: òjò, ilẹ̀, irúgbìn, ọkọ́ àti oògùn. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Tótó ṣe bí òwe o. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá òtítọ́ nípa ohun tí a lè dán wò, òwe yìí gan-an ni ọ̀fìn tí a ń jìn sí. Pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn kò tí ì sọ pé èkínní ni ó bí èkejì. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì fún wa ní òmíràn tí ó tún un ṣe: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, olórí òṣìkà. Oko tí a wọ́n oògùn sí ti rojọ́ tirẹ̀. Oko tí a kò wọ́n oògùn sí, tí ilẹ̀ rẹ̀, òjò rẹ̀, irúgbìn rẹ̀ àti ríro rẹ̀ bá ti èkínní dọ́gba, ta ni ó pè é wá sí ilé ẹjọ́?

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹlẹ́rìí kejì yìí lọ, àti bí a ṣe ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn dókítà ọkọ̀ ojú omi kan fún yín. James Lind ni orúkọ rẹ̀, ará Scotland ni. Ní ayé ìgbà náà, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní scurvy ń pa àwọn atukọ̀ bí ẹni ń pa ẹran. Èrìgì wọn a wú, a máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn a mì, ojú ọgbẹ́ tí ó ti jiná láti ọdún pípẹ́ a tún ṣí, títí ẹni náà yóò fi kú. Ọ̀gágun Anson kó nǹkan bí 1,900 ènìyàn lọ sójú òkun ní ọdún 1740. Nígbà tí ó fi máa padà dé ní 1744, nǹkan bí 1,400 nínú wọn ti kú, àrùn yìí ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe pé oògùn kò sí. Oògùn ni ó pọ̀ jù. Olúkúlùkù dókítà ni ó ní tirẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ní ẹnìkan tí ó lò ó tí ara rẹ̀ dá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1747, nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Salisbury, Lind yan atukọ̀ méjìlá tí àrùn náà ń ṣe. Ó yan àwọn tí àìsàn wọn jọra bí ó ti lè jọra tó. Ó kó gbogbo wọn sí ibì kan náà nínú ọkọ̀, oúnjẹ kan náà ni ó sì ń fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá pín wọn ní méjì-méjì sí ọ̀nà mẹ́fà. Àwọn méjì ń mu ọtí èso ápù, àwọn méjì ń mu àsìdì tí a fi omi là, àwọn méjì ń mu ọtí kíkan, àwọn méjì ń mu omi òkun, àwọn méjì ń jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́, àwọn méjì tí ó kù sì ń lá àgúnmu kan tí a fi aáyù, èso mọ́sítádì àti àwọn nǹkan mìíràn gún. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ọsàn náà fi tó. Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ń jẹ ọsàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èkejì rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn yòókù.

Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó fún gbogbo àwọn méjìlá ní ọsàn, tí ara wọn sì yá, ẹlòmíràn lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni, tàbí ọbẹ̀ ẹran, tàbí ìsinmi. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Nígbà tí ohun kan ṣoṣo bá yàtọ̀, tí ìgbẹ̀yìn sì yàtọ̀, a mọ ẹni tí a óò bi léèrè.

Síbẹ̀ Lind náà ṣe àṣìṣe, èyí sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún èmi olùkọ́. Nítorí pé ọsàn a máa bàjẹ́ lójú òkun, ó dábàá pé kí a se omi ọsàn lórí iná títí yóò fi ki, kí a lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Kò mú omi ọsàn sísè yìí lọ síwájú àwọn aláìsàn bí ó ti ṣe sí ọsàn tútù. Bẹ́ẹ̀ ni iná pa èyí tí ó pọ̀ nínú agbára rẹ̀. Fítámì C ni a ń pe agbára náà nísinsin yìí, a kò sì mọ̀ ọ́n títí di ọ̀rúndún ogún. Ìwé Lind jáde ní 1753, ọdún 1795 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ omi lẹ́mọ́ọ̀nù fún àwọn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀, Lind alára sì ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Ẹni tí ó dán nǹkan wò lónìí tí ó sì fi àbá lásán ṣiṣẹ́ lọ́la, ó ti padà sí ibi tí ó ti kúrò. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta. Kò sí ohun tí ó burú nínú dídá àbá. Láti inú rẹ̀ ni gbogbo ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a mú un dé ibi òkúta kí a wò ó.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ oògùn wa. Ìpàdé yọ̀ǹda ọdún kan fún mi, èmi àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì dá oko ìdánwò. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé mo ba ọdún kìíní jẹ́. Abala oko méjì péré ni mo lò, ọ̀kan fún oògùn, ọ̀kan láìsí oògùn. Èyí tí mo fi oògùn sí wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí omi òjò ń ṣàn gbá jọ sí. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ibẹ̀ ni ó súnmọ́ kànga. Àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn abala olóògùn, nítorí pé ohun tuntun ni, wọn a máa tu èpò rẹ̀ lákòókò ìsinmi láìjẹ́ pé mo rán wọn. Nígbà tí a kórè, àgbàdo olóògùn pọ̀ jù ti èkejì lọ púpọ̀. Aṣojú náà gbọ́, ó wá ya àwòrán rẹ̀. Mo ní láti lọ sọ fún Alága pé ìdánwò mi kò já mọ́ nǹkan kan. Ojú tì mí díẹ̀.

Kí a tó dá ti ọdún kejì, mo padà sí ìdí ìwé. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Rothamsted. Oko ọkà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbìn láti ọdún 1843, abala kan nínú rẹ̀ kò sì rí ajílẹ̀ kankan láti ọdún náà títí di òní olónìí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni Ronald Fisher ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó kọ́ ayé bí a ti í ṣètò ìdánwò. Ó sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1935, obìnrin tí ó ní bí òun bá tọ́ tíì alámílíìkì wò, òun yóò mọ̀ bóyá mílíìkì ni a kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni máa ń búra pé òun mọ ọkà tí a fi odò yìí rò yàtọ̀ sí ti odò kejì. Fisher ní kí a po ife mẹ́jọ, mílíìkì ṣáájú nínú mẹ́rin, tíì ṣáájú nínú mẹ́rin, kí a fi gègé pinnu bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra, kí obìnrin náà sì ṣa mẹ́rin jáde. Ọ̀nà 70 ni ènìyàn lè gbà ṣa mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì tọ́ pátápátá. Nítorí náà ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú 70 nípa oríire. Bí ó bá jẹ́ ife méjì péré ni a gbé síwájú rẹ̀, oríire lásán yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú méjì. Mo ka èyí, mo rántí abala oko mi méjì, mo sì dákẹ́.

Báyìí ni a ṣe ti ọdún kejì. A lé abala méjìlá, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ilẹ̀ méjèèjì nínú olúkúlùkù ìbejì lè jọra. Nínú ìbejì kọ̀ọ̀kan a ṣẹ́ gègé láti mọ èyí tí yóò gba oògùn. Mo tẹnu mọ́ gègé yìí, nítorí pé bí wọ́n bá fi í sí ọwọ́ mi láti yàn, ọwọ́ mi yóò lọ síbi ilẹ̀ dúdú, èmi kò sì ní mọ̀. Èkejì ìbejì náà kò gba òfo. Omi lásán, ìwọ̀n kan náà, ni a wọ́n sí i, nítorí pé omi ni a fi ń po oògùn, omi nìkan sì tó mú àgbàdo dùn nígbà ọ̀dá. A ra àwọ̀ ewé tí àwọn obìnrin fi ń se àkàrà òyìnbó, a dà á sínú omi náà kí ike méjèèjì lè jọra. Òórùn oògùn nìkan ni a kò rí ọgbọ́n dá sí. Nítorí náà àwọn tí ó wọ́n ọn kọ́ ni ó ro oko, àwọn tí ó ro oko kọ́ ni ó gbé àgbàdo sórí òṣùwọ̀n, ìwé tí ó sọ abala olóògùn wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ Akọ̀wé títí a fi wọn àgbàdo tán.

A ṣí ìwé náà lójú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ìbejì mẹ́fà, olóògùn borí nínú mẹ́rin, olómi borí nínú méjì. Àwọn ọmọ pariwo pé oògùn ti borí. Mo ní kí a jókòó kí a kà á. Bí oògùn náà kò bá ní agbára kankan, ìbejì kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè. Ọ̀nà 64 ni owó ẹyọ mẹ́fà lè gbà balẹ̀, nínú 22 lára wọn ni apá kan náà yóò ti rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé oríire lásán lè ṣe irú ohun tí a rí yìí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Iye tí olóògùn sì fi borí kò tó ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbejì kan àti òmíràn. Mo mú èsì náà wá sí ìpàdé: a kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. N kò sọ pé kò ṣiṣẹ́ o; ìbejì mẹ́fà kéré jù láti fi dá a lẹ́bi. Àwọn kan gbọ́ ti àkọ́kọ́, àwọn kan gbọ́ ti èkejì, ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ibi àpèjẹ.

Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn odi lè máa wí pé ọ̀rọ̀ àgbàdo ni èyí, kò kàn wá. Ó kàn yín. Ní 1948, nígbà tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń pè ní streptomycin ṣì wọ́n bí ojú, àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtéènì tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Oògùn náà kò tó fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà wọ́n fi gègé pín àwọn aláìsàn: 55 gbà á, 52 sinmi lórí ibùsùn láìgbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 kú nínú àwọn 55, 14 sì kú nínú àwọn 52. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀.

Ní ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, mélòó nínú wa ni a kò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lórí fóònù pé kí a lọ ra chloroquine? Ní Èkó, àwọn kan lò ó ní àlòjù títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó lò ó tí ara rẹ̀ yá ń jẹ́rìí sí i, kò sì parọ́; ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí kò lò ó ni ara wọn yá pẹ̀lú. Ní ọdún náà gan-an, ní Bìrìtéènì, wọ́n fi gègé fún aláìsàn 1,561 nínú ilé ìwòsàn ní hydroxychloroquine, ìbátan rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú 3,155 láìfi í kún un. Láàárín ọjọ́ 28, 421 kú nínú àwọn tí ó gbà á, 790 nínú àwọn tí kò gbà á. Ìyẹn 27 nínú ọgọ́rùn-ún, àti 25. Kò gba ẹnikẹ́ni là. Nínú ìdánwò kan náà ni a ti rí i pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, dín ikú kù láàárín àwọn tí a ń fi ẹ̀rọ ràn lọ́wọ́ láti mí. Ariwo kò bá òtítọ́ tan.

Nísinsin yìí, aṣojú wa ti padà wá. Ó gbé ike tuntun dé, ó ní ó ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan sì ti ń dábàá pé kí a yá owó tí àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi dá fún òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, kí a fi ra oògùn náà kí àkókò gbígbìn tó kọjá, kí a sì dá owó náà padà lẹ́yìn ìkórè. Bí ìkórè kò bá wá di ìlọ́po méjì ńkọ́? Ta ni yóò gba àwọn aboyún sí abẹ́ òrùlé tí ń jò?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí àgbẹ̀ mẹ́wàá yọ̀ǹda abala oko méjì-méjì, ogún ẹsẹ̀ ní gígùn, ogún ẹsẹ̀ ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ ará ọ̀nà kan náà: kí a rí ti àkùrọ̀, kí a rí ti orí òkè, kí a rí ti ilẹ̀ tí ó ti gbó. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ gbígbìn kan náà, ríro kan náà. Gègé ni yóò yan abala olóògùn. Ìgò mẹ́wàá tó fún ìdánwò náà, bí aṣojú bá sì gba ọjà rẹ̀ gbọ́, kí ó ta á lọ́rẹ. Mo sì fẹ́ kí a kọ ìdájọ́ wa sílẹ̀ kí a tó gbìn, kí Kábíyèsí fi òǹtẹ̀ lù ú, nítorí pé lẹ́yìn ìkórè olúkúlùkù ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ sí ibi tí inú rẹ̀ fẹ́. Èmi dábàá pé bí olóògùn bá borí nínú oko mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, tí iye tí ó fi borí sì ju owó oògùn lọ, kí a rà á. Oríire lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lọ nínú 1,024. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí owó ilé ìgbẹ̀bí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Bí ewúrẹ́ bá sì jẹ oko ẹnìkan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Kí a má ṣe yọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Bàbá tí ó kọ́kọ́ jẹ́rìí oògùn náà ti wá bá mi nílé lálẹ́ àná. Ó ní oko òun ni kí a fi ṣe èkínní, àti pé kí a má ṣe mú ti etí ààtàn. Oko mẹ́sàn-án ni ó kù. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí ìpàdé yìí tó tú. Òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣì dára, èmi yóò sì máa wá gbé e káàkiri.